Fóònù Nínú Ilé Oyin

Ọjọ́ Ajé, 15 Èrèlè

Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kò sí ẹja, kò sí ẹran, kò sí ẹyin, kò sí wàrà nínú tíì títí di Àjíǹde. Èmi tún fi ẹmu àti sìgá bídì kún un, nítorí Eliswa ìyàwó mi ní ẹni tó bá fẹ́ bẹ Ọlọ́run ní nǹkan ńlá kò gbọdọ̀ ṣahun. Nǹkan ńlá tí mò ń bẹ̀ ni pé kí wọ́n wó máàsì fóònù tó wà lórí ilẹ̀ Avira kí ó tó pa oyin mi tán. Mo mu tíì dúdú ife méjì láàárọ̀ yìí, mo sì bú ajá.

Ewé tuntun ti ń yọ lórí rọ́bà. Ó yẹ kí inú mi dùn, torí oṣù méjì yìí nìkan ni omi dídùn máa ń sun lẹ́sẹ̀ ewé rọ́bà, ohun tí oyin bá sì kó báyìí la ó máa jẹ títí ọdún á fi yípo. Àpótí mẹ́fà péré ló kù tí oyin wà nínú wọn. Lọ́dún tó kọjá, kí Avira tó gba ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti ri máàsì mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ogójì ló ń kùn lẹ́yìn ilé mi. Ìran oyin tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ ni. Àwọn àpótí tó ṣófo ni mo tò jọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Eliswa ń sá ata lórí wọn.

Avira yìí, ẹ̀gbọ́n Eliswa ọkùnrin ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Odi òkúta kan ṣoṣo ló pààlà ilẹ̀ wa. Bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, máàsì rẹ̀ ni mò ń wò. Bí mo bá kọ ẹ̀yìn sí i, mo ṣì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 17 Èrèlè

Tojo mú Tíṣà Rajalekshmi wá láti kọ́lẹ́jì ní Pala. Tojo ni olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá máàsì jà. Ìgbìmọ̀ abúlé ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ náà: Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé Àjíǹde. Alága ní kí a mú ẹ̀rí wá, pé ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí. Ìdí tí Tojo fi lọ mú tíṣà wá nìyẹn.

Ọmọdébìnrin ni. Kò tíì tó ọmọ mi Roslin. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó kí mi dáadáa, ó wá bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ mọ̀?"

Mo ní, "Mi ò fẹ́ mọ nǹkan kan. Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ kí o bá mi sọ ọ́ fún wọn ni."

"Èmi ò tíì mọ̀ ọ́n ní tèmi, sà."

Ohun tó ní ká ṣe rèé. Ká fi fóònù kọ̀ọ̀kan sínú àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, lókè níbi tí oyin ń tọ́jú oúnjẹ sí. Mẹ́ta nínú àwọn fóònù náà máa ní síìmù àti bátìrì, mẹ́ta yòókù máa jẹ́ òkú fóònù. Òun nìkan ló máa mọ èwo ni èwo. Eliswa máa ní nọ́ńbà mẹ́ta lọ́wọ́, á máa pè wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Fóònù á gbé ìpè fúnra rẹ̀, Eliswa á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi á máa ka iye oyin tó ń wọlé. A kò sì gbọdọ̀ ṣí ìsàlẹ̀ níbi tí ọmọ oyin wà títí di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, kó má baà jẹ́ pé ìdààmú ọwọ́ wa la ó máa wò, tí a ó pè é ní ti fóònù.

"Kí ló dé tí èmi tí mo ni oyin ò gbọdọ̀ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́?"

"Nítorí ojú yín, Bàbá. Ẹni tó bá mọ̀, ohun tó fẹ́ rí ló máa rí."

"Ojú mi ò ní nǹkan kan ṣe."

"Mo mọ̀, sà. Ti gbogbo ènìyàn náà nìyẹn."

Mi ò fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Ṣùgbọ́n Tojo ti lọ kó òkú fóònù jọ nílé onílé, àpò rẹ̀ sì kún. A máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Èrèlè

Oko ńlá tó wà lókè odò fẹ́ ìyẹ̀fun imí ọjọ́ sórí rọ́bà wọn láàárọ̀ yìí, kí àìsàn funfun má baà mú ewé tuntun. Rọ́bà ti di rúpì márùndínlógóje kílò kan, nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ewé kan ṣoṣo já. Gbogbo àfonífojì di àwọ̀ ìyeyè. Imú mi ń ta mí. Oyin ò jáde rárá, mo jókòó síwájú àpótí, mò ń ka òdo.

Mo kọ̀wé sí tíṣà lórí fóònù Eliswa pé imí ọjọ́ ti ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ó fèsì pé òun ti gbọ́, pé àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bá, nítorí náà kò burú jù. Kò burú jù fún ta ni?

Ọjọ́rú, 24 Èrèlè

Mo lá àlá ẹja. Ẹja inú ọbẹ̀ pupa, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ sísè. Mi ò tíì jẹ ẹ́ tí mo fi jí.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Èrèlè

Lẹ́yìn ìsìn, Avira dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rí mi.

"Kuruvila! Mo gbọ́ pé oyin ẹ ti ní fóònù báyìí."

Mo ń bá ọ̀nà mi lọ.

"Fún mi ní nọ́ńbà wọn, jàre. Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa lọ́dọ̀ wọn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fadá pàápàá yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Eliswa fà mí lápá aṣọ kí n tó ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe. Lójú ọ̀nà, mo ní kó sọ ẹ̀yìn ẹni tó wà, èmi ni tàbí Avira. Ó ní òun wà lẹ́yìn ẹni tó bá máa jẹ́ kí òun dé ilé kí ìrẹsì tó jóná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Ẹrẹ́nà

Oyin àpótí kẹrin ṣí lọ!

Mo ń gé koríko nígbà tí mo gbọ́ ariwo wọn. Wọ́n tú jáde bí èéfín, wọ́n yí po lókè igi jákífúrúùtù, wọ́n sì gba ìlà-oòrùn lọ. Mo sáré tẹ̀lé wọn, mò ń da omi sókè, mò ń ju yanrìn, mò ń pè wọ́n. Ọkùnrin ọgọ́ta ọdún ó lé. Wọ́n fò kọjá odò, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ létí omi pẹ̀lú garawa lọ́wọ́.

Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n n ó sọ òótọ́ níbí: inú mi dùn díẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rí nìyí. Fóònù lé wọn kúrò nílé, lójú mi báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Ẹrẹ́nà

Mo sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gun orí àtẹ̀gùn, mo sì sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́, kí Avira náà gbọ́: fóònù wà nínú ilé oyin, ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ni, oyin sì kó ẹrù rẹ̀. Bí fóònù kékeré bá lè ṣe èyí, kí ni máàsì ò ní ṣe? Àwọn ènìyàn pariwo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí kò tíì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú Tojo ti fọwọ́ sí i. Tojo ti ya àwòrán mi, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ ńlá tí wọ́n máa gbé kọ́.

Avira ní, "Ó dáa. Bí ìyàwó bá kó jáde nílé ọkọ, ṣé fóònù náà ni?" Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Ẹrẹ́nà



Tíṣà wá ṣàyẹ̀wò. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó gba fóònù Eliswa, ó wo iye káàdì tó kù nínú rẹ̀, ó tún un wò.

"Mọ̀mí, káàdì tí mo kó sórí ẹ̀, ó yẹ kó ti tán."

Eliswa ní, "Kó tán kẹ̀? Mo ṣọ́ ọ lò, ọmọ mi. Ó ṣì wà níbẹ̀ digbí." Ó ń retí kí wọ́n yìn ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí bí ẹ ṣe máa ń pè é."

Eliswa nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ó fi sétí. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó gé e. Ó tẹ ìkejì. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó gé e. Ó tẹ ìkẹta, ó gé e, ó sì gbé fóònù kalẹ̀ bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán.

Mo ní, "Fíláàṣì?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Fíláàṣì lo ń ṣe fún oyin láti ọjọ́ yìí?"

"Bàbá Roslin, ìwọ lo ní kí n máa pè wọ́n. Nínú ilé yìí, báwo la ṣe ń pe ènìyàn? Roslin ní Kùwéètì, fíláàṣì ni. Ẹ̀ẹ̀kan, ó ti délé láti ibi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó fẹ́ ká pè é. Ìwọ fúnra ẹ, bí ebi bá ń pa ọ́ lóko, fíláàṣì lo ń ṣe sí mi. Èèyàn gidi ò gbé fóònù nílé yìí, kí n wá máa ná owó lórí oyin tí kò ní sọ nǹkan kan?"

"Tíṣà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!"

"Mo rò pé ìyẹn ni wọ́n fẹ́ kí n fi sáàárín wọn."

Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo rò pé ó ń sunkún, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ẹ̀rín ló ń rín. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo pariwo mọ́ àwọn méjèèjì, mo pariwo mọ́ ajá, mo pariwo mọ́ àwọn àpótí òfìfo. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, gbogbo kíkà tí mo kà nínú oòrùn, a ò dán nǹkan kan wò.

Nígbà tí mo sinmi ariwo, mo bi tíṣà pé kí ló dé tí àpótí kẹrin fi ṣí lọ nígbà náà. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kò tíì tó àkókò tí mo gbọ́dọ̀ mọ̀. Mo ní bí kò bá sọ ọ́, n ó tú gbogbo rẹ̀ dà nù lójú rẹ̀ báyìí. Ó wò mí.

"Òkú fóònù ló wà nínú kẹrin, Bàbá. Kò ní síìmù, kò ní bátìrì. Ike lásán ni."

Ọjọ́ Àìkú, 14 Ẹrẹ́nà

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lẹ́ńtì tí a kì í jẹ ẹyin ni èmi wá lọ fọ́ tèmi, lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo fa Tojo sẹ́yìn ilé agogo, mo sọ fún un.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí kì í bá ṣe fóònù, máàsì ló lé wọn."

"Máàsì ti wà níbẹ̀ láti oṣù Ọ̀wàrà. Kí ló dé tí kò lé àwọn márùn-ún yòókù?"

"Ṣé ẹ̀yìn Avira lẹ wà ni?"

"Mo ní òkú fóònù ni!"

"Ẹ̀yin ẹ máa bọ̀ ní Àbámẹ́ta ẹjọ́ yẹn, ẹ sọ pé oyin yín ń kú. Irọ́ ni?"

Kì í ṣe irọ́. Ojú tì mí, mo sì bínú sí i pé ó jẹ́ kí ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Ẹrẹ́nà

Àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́. Òjò kùtù-kùtù fọ gbogbo ẹsẹ̀ ewé mọ́. Ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Òkè Pẹ̀tẹ́lẹ̀, mo gbọ́ pé wọ́n ti fún oyin lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ò tíì fún ẹ̀kán kan.

Èmi fúnra mi ni mò ń pè wọ́n báyìí. Mi ò fún Eliswa láyè kó fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn mọ́. Mo máa ń jókòó lórí odi, n ó fi fóònù sétí, á dún, á gbé ara rẹ̀, n ó sì gbọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé n ó gbọ́ wọn. Ìkùn wọn nínú lọ́hùn-ún, nínú òkùnkùn, bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ nígbà tí bàbá mi bá ní kí n fi etí ti ara àpótí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ń kọjá kí n tó rántí pé inú ń bí mi.

Àwa méjèèjì ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ dáadáa, èmi àti Eliswa. Ó gbé ìrẹsì omi àti ẹ̀wà tútù síwájú mi, ó lọ.

Ọjọ́rú, 24 Ẹrẹ́nà

Nọ́ńbà kejì ti ń rọ. Ohùn wọn kò ki mọ́, ó dà bí ìgbà tí àwọn àgbà nìkan kù nílé. Mo pe tíṣà pé mo fẹ́ ṣí ìsàlẹ̀ wò. Ó ní kí n jọ̀ọ́ ní sùúrù di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, pé bí a bá ṣí i báyìí, ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ó kù náà á bàjẹ́.

Sùúrù. Kò sí ẹmu, kò sí bídì, kò sí ẹja, ó wá ku sùúrù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Ẹrẹ́nà

Mo ṣí i.

Eliswa ń ká àgbọn àti ṣúgà dúdú sínú ìyẹ̀fun ìrẹsì fún ti ọ̀la, kò rí mi. Mo fi èéfín èèpo àgbọn fín àpótí tí oyin tó ń wọ ibẹ̀ kéré jù, mo yọ fóònù kúrò lọ́nà, mo fa afárá ọmọ jáde sí ìmọ́lẹ̀. Ojú ihò tó yẹ kó wà ní dídé ti lu. Ọmọ oyin nà gbalaja lórí ẹ̀yìn nínú ihò wọn, orí wọn yí sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Mo fi ẹ̀gún fa ọ̀kan jáde. Kò rí bí ìdin mọ́. Àpò omi ni.

Mo mọ̀ ọ́n, àìsàn àpò ni. Gbogbo ẹni tó ń sin oyin ní ìpínlẹ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n. Òun ló gbá oyin wa tán nígbà tí Roslin ṣì ń rá. Mo ti fi ọwọ́ mi sun ti bàbá mi lójú rẹ̀ nígbà náà, a sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun pẹ̀lú èyí tí a rí nínú ihò igi.

Láti ìgbà tí Lẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀, òkè ni mò ń wò. Máàsì ni mò ń wò.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Ẹrẹ́nà. Ìsinmi Ọ̀pẹ

Tíṣà wá ní ọ̀sán, ewé ọ̀pẹ wa ṣì wà lórí tábìlì. A ṣí àwọn márààrún. Mẹ́rin ló ní àìsàn àpò, èyí tí fóònù ààyè wà nínú rẹ̀ àti èyí tí òkú wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nínú koríko, kò bìkítà fún aṣọ rẹ̀.

"Ó yẹ kí n ti jẹ́ kí ẹ ṣí i ní Ọjọ́rú. Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ṣé máàsì ló fà á?"

"Kòkòrò àìsàn ló fà á."

"Mo mọ kòkòrò! Ṣé máàsì ló jẹ́ kí ara wọn rọ, tí kòkòrò fi rí ọ̀nà wọlé?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé o fẹ́ sọ pé kì í ṣe òun?"

"Mi ò lè sọ ìyẹn náà. Àpótí mẹ́fà ò pọ̀ tó, ó lé ní ìdajì ìgbà náà tó jẹ́ fíláàṣì. Àwọn tó ní àpótí jù wá lọ ti ṣe irú ẹ̀. Àwọn kan ní ó ń pa oyin lára, àwọn kan ní àwọn ò rí nǹkan kan."

"Ṣé o ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ rí láyé rẹ ni?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, n ó sọ ọ́, sà."

Mo ní kó máa lọ, kó má sì padà wá. Ó gbé àpò rẹ̀. Eliswa sáré tẹ̀ lé e dé títì pẹ̀lú oúnjẹ aláàgbọn nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo rí wọn láti ibi tí mo jókòó sí, wọ́n dúró pẹ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, Fadá ní kí gbogbo ìjọ fi fóònù gbààwẹ̀ láti òní títí di Àjíǹde. Tojo wá bá mi tayọ̀tayọ̀ pé nísinsìnyí oyin á sinmi. Mo ní, "Tojo, àwa là ń gbààwẹ̀. Máàsì kì í gbààwẹ̀." Ó wò mí bí ẹni wo aláìgbàgbọ́.

Ọjọ́rú, 31 Ẹrẹ́nà

Mo sun àwọn afárá. Mo gbọn àwọn tí ara wọn ṣì dá jọ sínú àpótí tuntun kan, mo fún wọn ní omi ṣúgà. Wọ́n ta mí lójú. Ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 2 Igbe

Ọ̀nà Àgbélébùú máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Avira kọjá. Níbi ìdúró keje, níbi tí Olúwa ti ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ènìyàn ò kúnlẹ̀. Wọ́n ń wo òkè. Èmi náà wo òkè.

Oyin ìgbẹ́ wà lábẹ́ pèpéle òkè máàsì, àwọn ńlá tó máa ń so mọ́ àpáta. Wọ́n so rọ̀ bí aṣọ dúdú, ó gùn tó apá mi. Wọ́n ń mì láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí ẹyẹ bá sún mọ́ wọn.

Avira rọra sún mọ́ mi. "Kuruvila, ó jọ pé àwọn yìí ò gbọ́ ìwàásù ẹ."

Ọjọ́ Ẹtì Rere ni. Mi ò lù ú.

Nílé, mo gba fóònù lọ́wọ́ Eliswa, mo ba ààwẹ̀ fóònù tí Fadá pàṣẹ jẹ́, mo pe tíṣà. Mo rò pé kò ní gbé e. Ó gbé e. Mo ṣàlàyé. Ó ní ọ̀tọ̀ ni irú oyin yẹn, ọ̀tọ̀ ni tèmi, àti pé wíwà tí wọ́n wà níbẹ̀ ò sọ pé ó dáa fún wọn, kò sì sọ pé kò dáa. Mo ti mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 5 Igbe

Àjíǹde ti kọjá. Mo jẹ ẹran lánàá, mo mu ẹmu, kò sí èyí tó dùn lẹ́nu mi.

Àpótí tó kù ti ṣófo láàárọ̀ yìí. Wọn ò kú, wọ́n lọ ni. Omi ṣúgà tí mo gbé fún wọn ṣì wà níbẹ̀, èèrà ti wọ̀ ọ́. Mo yí po gbogbo ilé, mo fi etí sí gbogbo ihò igi, mo dé odò. Kò sí ohùn kankan lẹ́yìn ilé mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, bàbá mi sì wà láàyè nígbà náà tó mọ ohun tó yẹ ká ṣe.

Eliswa wá jókòó tì mí lórí odi. Mo sunkún, ó sì jẹ́ kí n sun ún.

Ọjọ́bọ̀, 8 Igbe

Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fóònù gun máàsì lọ tún nǹkan ṣe. Kò dé ìdajì tó fi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo, ojú rẹ̀ ti wú. Wọ́n ní àwọn máa padà wá lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ògùṣọ̀ elépo, àwọn máa sun àwọn oyin ìgbẹ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Igbe

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún dé ojú fèrèsé. Wọ́n ta aṣọ ńlá Tojo sí iwájú, àwòrán mi wà lára rẹ̀, ó tóbi, ẹnu mi là sílẹ̀. Avira kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ìdí fún ẹjọ́ mọ́, pé oyin fúnra wọn ti dìbò, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún gbé orí sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Alága pè mí. Tojo ń mi orí sí mi.

Mo ní, "Oyin mi ti tán. Àìsàn àpò ló pa wọ́n. Ohun tí mo sọ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, pé fóònù lé wọn jáde, kì í ṣe òótọ́. Òkú fóònù ló wà nínú àpótí yẹn. Bóyá máàsì ló jẹ́ kí àìsàn rí wọn mú, bóyá kì í ṣe òun. Mi ò mọ̀. Mo bi ẹni tó yẹ kó mọ̀, òun náà ò mọ̀."

Ariwo sọ. Àwọn ọ̀dọ́ Tojo ń pè mí ní Júdásì, wọ́n ń bèèrè iye tí Avira fún mi. Ẹnì kan já aṣọ náà lulẹ̀. Alága lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́.

"Bàbá Roslin, kí lẹ wá fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe sí máàsì yìí?"

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí òjò á fi dé. Oyin wà lórí ẹ̀. Bí òjò bá dé, wọ́n á ṣí lọ fúnra wọn."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí, àwọn tó wà lójú fèrèsé ń tún un sọ fún àwọn tó wà níta, àwọn yẹn náà ń rín in. Mo dúró síbẹ̀.

Avira dìde. "Kuruvila, orí ilẹ̀ mi lo wà yẹn o. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa sun ún. Ṣé o ń pàṣẹ fún mi ni, àbí o ń bẹ̀ mí?"

"Kò sí oyin mìíràn ní abúlé yìí mọ́," ni mo wí. "Mo ń bẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n."

Mi ò tíì pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ihò àkọ́kọ́ fún máàsì. Ó jókòó.

Ọjọ́ Ajé, 12 Igbe

Mo kọjá odi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo jókòó sí ìdí máàsì. Wọ́n wà lókè, wọ́n ń kùn, kì í ṣe ìkùn tí mo mọ̀. Ó wúwo ju ti àwọn tèmi lọ.

Àwọn oníṣẹ́ dé pẹ̀lú ògùṣọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo. Avira ti dúró sẹ́nu géètì nínú aṣọ ìsùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n wá nígbà òjò. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ló rán àwọn. Ó ní kí ọ̀gá wọn wá rán ara rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn tọ́ka sí mi. "Bàbá yìí wá ńkọ́? Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Avira wò mí, ó wo òkè, ó tún wò mí. Mo ti ń múra sílẹ̀ de ẹ̀fẹ̀ rẹ̀.

"Òun ló ni oyin," ni ó wí.

Wọ́n gbé epo wọn, wọ́n lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Inú ṣì ń bí mi. Mi ò kàn mọ ẹni tí mò ń bínú sí mọ́ ni.